Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Nínú Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Tíì Ọ̀sán ní Hòtẹ́ẹ̀lì Ńlá

Òkun o! Ọmọ Òwé, òkun o. Ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, òkun o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ jókòó síwájú, mo yíká ọ̀tún, mo yíká òsì, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin agbáwo, ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ ní Kàbà níbí àti káàkiri agbègbè wa, ẹ̀yin gan-an la torí yín pé jọ.

Tíì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa rò ó nínú pé, "Tíì kẹ̀? Èwo ni ká pe àgbà jọ torí tíì?" Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Nílé wa níbí, ohun gbogbo tó bá gbóná tó sì dùn nínú kọ́ọ̀bù, tíì là ń pè é. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Ewé tíì gan-an wá di Lipton, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Kò burú. Àmọ́ nídìí tábìlì tí à ń lọ yìí, tíì ò ní ju ìtumọ̀ kan lọ: ewé igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camellia sinensis, tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Igi kan náà ló ń fún wa ní tíì dúdú, tíì aláwọ̀ ewé, oolong tó wà láàárín dúdú àti aláwọ̀ ewé, àti tíì funfun. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé náà lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé rèé: iṣẹ́ àkókò ni tíì ọ̀sán, ìyẹn tíì pẹ̀lú sándíwìṣì àti àkàrà òyìnbó kéékèèké tí wọ́n ń jẹ láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́, kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti kan búrẹ́dì ló ti ń gbẹ. Láti ìgbà tí àkàrà òyìnbó ti kúrò nínú ófùnù ló ti ń le. Láti ìgbà tí omi ti kan ewé ni tíì ti ń rìn lọ sọ́nà kíkorò. Hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ iṣẹ́ ni èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn pàdé lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára jù. Ohun tí àlejò ń sanwó fún nìyẹn.

Ibi tó ti ṣẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1840, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọlọ́lá kì í tó nǹkan, oúnjẹ alẹ́ wọn sì di nǹkan bí aago 8. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ta ni ebi ò ní pa láàárín méjèèjì? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Anna, ìyàwó Duke keje ti Bedford, tó ń gbé nínú ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Woburn Abbey, ló ní kí wọ́n máa gbé tíì àti búrẹ́dì pẹ̀lú bọ́tà wá bá òun ní yàrá nígbà tí inú bá ń ro òun. Nígbà tó yá, ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i. Bó ṣe di àṣà nìyẹn.

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ló wá gbé e kúrò ní pálọ̀ ọlọ́lá bọ́ sí gbangba. Langham ṣílẹ̀kùn ní London lọ́dún 1865, Raffles ní Singapore lọ́dún 1887, Ritz ní London lọ́dún 1906, Peninsula ní Hong Kong lọ́dún 1928. Ní Ritz, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Palm Court ni wọ́n ti ń mu ún, wọ́n sì pín ọjọ́ sí ìjókòó ìjókòó. Ẹni tó gba ààyè aago 1:30 mọ̀ pé àwọn aago 3:30 ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ aago ni láti ẹnu ọ̀nà.

Mo fẹ́ tún àṣìṣe kan ṣe kí n tó kúrò níbí. Ẹ ó rí i lára ìwé ìpolówó pé wọ́n kọ "high tea", kí àlejò lè rò pé ọlá ló wà níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni. Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni high tea: ẹran, ẹja, ẹyin, búrẹ́dì, pẹ̀lú tíì, lórí tábìlì oúnjẹ gíga. Ẹni tó ti oko dé pẹ̀lú ebi ló ni ín. Tíì ọ̀sán ni wọ́n ń mu lórí àga tìmùtìmù pẹ̀lú tábìlì kúkurú. Bí ẹ bá fẹ́ ta á, ẹ pè é lórúkọ rẹ̀. Àlejò tó ti rìn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹni tó kọ ìwé náà mọ ohun tó ń tà.

Ìkòkò tíì

Níbí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí níbí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí omi. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wa, àlejò á ní òun fẹ́ tíì, wọ́n á gbé fúláàsì wá, kọ́ọ̀bù, àti àpò tíì lórí sọ́sà. Ìgbà wo ni omi inú fúláàsì yẹn hó? Láàárọ̀! Tíì dúdú ń fẹ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, láàárín 95 sí 100 dígírì. Omi tó ti ń sùn nínú fúláàsì láti aago 6 ò sún mọ́ ọn mọ́. Ẹ fi àpò tíì sí i, àwọ̀ á jáde, adùn ò ní jáde. Àlejò á máa fi ṣíbí fún àpò náà pọ̀, á rò pé tíì ni ò dáa. Omi ni.

Ẹ ti rí tíì tí nǹkan bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ lójú rẹ̀ rí? Ó jọ ọ̀rá, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Ẹfun tó wà nínú omi ilẹ̀ ló so mọ́ èròjà inú tíì. Àwọn kànga ẹ̀rọ kan lágbègbè wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi asẹ́ omi sẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ lo omi inú náílọ́ọ̀nù tó mọ́, awọ náà á lọ, àwọ̀ tíì á sì mọ́ kedere.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìkòkò gbóná. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ mì í yíká, ẹ dà á nù. Amọ̀ dídán máa ń tutù, bí ẹ bá da omi hínhó sínú ìkòkò tútù, ìkòkò á gba ooru ẹ̀ kí ewé tó rí nǹkan gbà. Ewé wá ńkọ́? Gíráàmù 2 sí 3 fún kọ́ọ̀bù kan tó gba mìlílítà 200. Ìkòkò alákọ́ọ̀bù mẹ́ta á gba nǹkan bíi gíráàmù 8. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré. Ewé ńláńlá kì í kún ṣíbí bíi ti wẹ́wẹ́, ṣíbí lásán á tàn yín.

Ẹ wá wo aago. Darjeeling, tíì dúdú kan láti Íńdíà, ìṣẹ́jú 3. Assam, tíì dúdú Íńdíà mìíràn, 4 sí 5. Tíì dúdú tó pọ̀ jù lọ, 4 dáa fún un. Tíì aláwọ̀ ewé yàtọ̀ pátápátá: omi 75 sí 80 dígírì, ìṣẹ́jú 2. Ẹ bá da omi hínhó lé e, á korò bí ewúro. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá kánjú tú tíì ní ìṣẹ́jú kan á mu omi aláwọ̀. Ẹni tó bá sì gbàgbé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, á mọ bí ẹnu ṣe ń rí bí èèyàn bá jẹ èso kajú tí kò tíì pọ́n: ahọ́n á fún pọ̀, ọ̀fun á gbẹ. Èròjà kan náà tí wọ́n ń pè ní tannin ló ń fa méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún èyí sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí tíì le, kó fi ewé kún un, kó má fi ìṣẹ́jú kún un. Ewé ni kẹ́ ẹ fi kún un!

Bí ìṣẹ́jú bá pé, ewé gbọ́dọ̀ kúrò nínú omi. Hòtẹ́ẹ̀lì tó dára á fún un ní agbọ̀n asẹ́ tí wọ́n lè fà yọ, tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ sínú ìkòkò kejì tó ti gbóná. Bí ewé bá jókòó sínú ìkòkò, kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ á dùn, ìkejì á le, ìkẹta ò ní ṣe é mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò omi gbígbóná kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá rí i pé tiẹ̀ le jù lè fi là á.

Lórí ìwé tíì, ẹ ó rí orúkọ púpọ̀. Assam láti Íńdíà lágbára, ó gba mílíìkì. Darjeeling fúyẹ́, òórùn rẹ̀ dà bí òdòdó, mílíìkì á bò ó mọ́lẹ̀. Ceylon láti Sri Lanka mọ́ lẹ́nu. Earl Grey ni tíì dúdú tí wọ́n fi òróró èèpo ọsàn bergamot sí. Lapsang Souchong láti Ṣáínà, èéfín igi páìnì ni wọ́n fi gbẹ ẹ́. Ó ń rùn bí ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ẹni tí kò bá mu ún rí, kó má fi ṣe ìkòkò kan ṣoṣo tó máa ra.

Mílíìkì tútù olómi ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti inú agolo. Ti agolo ti ki, adùn rẹ̀ á borí ewé. Ìjà wà lórí pé kí mílíìkì ṣíwájú tàbí kó kẹ́yìn. Èmi á ní kó kẹ́yìn, torí àwọ̀ tíì nínú kọ́ọ̀bù ló máa sọ ìwọ̀n tó yẹ fún yín. Àmọ́ èyí tí kò sí ìjà lórí rẹ̀ ni pé mílíìkì àti ọsàn kíkan kì í bá ara wọn gbé. Kíkan ọsàn á dì mílíìkì, á di ṣíṣù wẹ́wẹ́ lójú tíì. Agbáwo tó gbọ́n á bi àlejò léèrè kó tó gbé méjèèjì kalẹ̀.

Àwo alájà mẹ́ta

Gbogbo ayé ló mọ àwòrán rẹ̀: àwo mẹ́ta tó gun ara wọn lórí. Sándíwìṣì nísàlẹ̀, àkàrà òyìnbó kékeré tó ń jẹ́ scone láàárín, nǹkan dídùn lókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lọ sókè, oníyọ̀ ṣíwájú aládùn.

Sándíwìṣì kékeré yẹn ń tan èèyàn, iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Búrẹ́dì tó ti lo ọjọ́ kan tó sì tutù díẹ̀ ni kí ẹ lò, torí ti òòjọ́ máa ń fà mọ́ ọ̀bẹ. Ẹ gé e pẹlẹbẹ. Ẹ fi bọ́tà pa á dé etí, kò gbọdọ̀ sí ibi tó gbófo, torí bọ́tà ni kì í jẹ́ kí omi ohun tó wà nínú rẹ̀ wọ búrẹ́dì. Kùkúńbà ńkọ́? Ẹ bó o, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó ro lórí asẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tẹ omi ara rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá fo èyí, láàárín wákàtí kan búrẹ́dì rẹ̀ á ti rọ bí ẹ̀kọ. Ẹ kó o sínú búrẹ́dì kí ẹ tó gé etí kúrò, kí ojú ibi gígé lè mọ́, lẹ́yìn náà ẹ là á sí mẹ́ta gígùn bí ìka. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi bò ó títí wọ́n á fi gbé e jáde. Lásìkò ọyẹ́ ní Kàbà níbí, sándíwìṣì tí ẹ ṣí sílẹ̀ á ká etí sókè kí ẹ tó dé ìdí tábìlì.

Ẹyin: bí ẹ bá ti sè é fún ìṣẹ́jú 9 sí 10, inú omi tútù ni kó bọ́ sí lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òbírí aláwọ̀ ewé á yí pupa rẹ̀ ká. Ohun tó bá ní ẹyin àti máyónéèsì nínú kò gbọdọ̀ kúrò nínú fìríìjì ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá ti kọjá 32 dígírì, wákàtí 1. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò sì dìde, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe kùkúńbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún máa ń ṣe ti ẹja salmon tí wọ́n fi èéfín gbẹ, àti ti adìẹ oníkọrí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1953 nígbà ìwúyè Queen Elizabeth Kejì.

Ó kan scone. Àkàrà òyìnbó kékeré ni, kò dùn púpọ̀, ó ga, ó sì máa ń sán yíká ìbàdí, èyí tó mú kó ṣeé fọwọ́ là sí méjì. Ẹ gbé kálàmù yín. Fúláwà lásán gíráàmù 225, bákíń páúdà ṣíbí tíì 3, iyọ̀ díẹ̀, bọ́tà tútù gíráàmù 50, ṣúgà gíráàmù 25, mílíìkì mìlílítà 125 sí 150. Ẹ fi ọmọ-ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí á fi dà bíi gààrí, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ da mílíìkì sí i, ẹ fi ọ̀bẹ tábìlì pò ó pọ̀. Kó ṣáà ti mú ara wọn, ó tó. Ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ sí sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, ẹ fi ohun ìgé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 gé e. Ófùnù á ti gbóná dé 220 dígírì kó tó wọlé, ìṣẹ́jú 12 sí 15 ló máa lò. Á tó nǹkan bí 8.

Kí ló dé tí ti ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rí pẹlẹbẹ bíi bísíkítì? Bọ́tà ti yọ́ kó tó dé ófùnù, oòrùn wa sì máa ń yọ́ ọ kíákíá. Ẹ kó fúláwà àti bọ́tà sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tàbí wọ́n pò ó bí ẹni ń po búrẹ́dì, ó wá le. Tàbí wọ́n yí ohun ìgé nígbà tí wọ́n ń gé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ tààrà, ẹ fà á sókè tààrà, bí ẹ bá yí i, etí rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á ga, ìkejì á wólẹ̀. Tàbí ẹyin tí wọ́n fi kun orí rẹ̀ ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, òun náà ń dè é mọ́lẹ̀. Tàbí bákíń páúdà ti kú: ẹ da ṣíbí kan sínú omi gbígbóná, bí kò bá hó púpọ̀, ẹ dà á nù. Tàbí wọ́n pò ó tán, wọ́n lọ gba fóònù. Bákíń páúdà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí omi kàn án ni, kò ní dúró dè yín.

Gbígbóná ni wọ́n ń gbé e wá, nínú aṣọ, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan kì í tilẹ̀ gbé e sórí àwo títí sándíwìṣì fi tán. Jáàmù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àti kírímù líle tó ń jẹ́ clotted cream, tí ọ̀rá rẹ̀ kò dín ní ìdá 55 nínú 100. Àwọn ará Cornwall ní jáàmù ló ń ṣíwájú, àwọn ará Devon ní kírímù ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kírímù olómi tí kò ní ṣúgà, tí ẹ lù ní títutù títí tó fi dúró, lè rọ́pò rẹ̀ níbí. Ti inú agolo tí wọ́n ń fọ́n jáde á wólẹ̀ lórí scone gbígbóná kí àlejò tó gbé e dẹ́nu.

Àwọn nǹkan dídùn òkè, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéré, ẹyọ kan tó ẹnu méjì. Kò sí ẹni tó ń rántí ìpele yẹn bí scone bá dára.

Ọwọ́ àti ìjókòó

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Aṣọ ìnuwọ́ á wà lórí itan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ sándíwìṣì, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ fọwọ́ la scone sí méjì, kí ẹ fi ọ̀bẹ pa jáàmù sí i, kí ẹ má sì dé e padà bíi sándíwìṣì. Bí ẹ bá ń ro tíì, ẹ wo kọ́ọ̀bù bí ojú aago: ṣíbí á lọ láti 6 sí 12, á padà, láì kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé ṣíbí sórí sọ́sà, sẹ́yìn kọ́ọ̀bù. Ìka kékeré tí àwọn kan ń nà sókè, ẹ ká a wálẹ̀, kò sí níbẹ̀. Aṣọ ayẹyẹ wa, bùbá àti ìró, agbádá, dé ibikíbi. Jíǹsì àti bàtà eré ìdárayá ni Ritz ò gbà.

Ní ti owó, ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó lórúkọ ní London, ó ju 60 pọ́n-ùn lọ lórí ẹnì kan. Ẹ gba ààyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì sọ ohun tí ara yín ò gbà nígbà náà gan-an, kì í ṣe nídìí tábìlì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi sándíwìṣì kún un láì gba owó, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé owó dáadáa, nítorí wọ́n sábà máa ń fi ìdá 12.5 nínú 100 kún un fún àwọn agbáwo, kí ẹ má baà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lókè àwo, wọ́n á dì í sínú páálí fún yín bí ẹ bá béèrè. Kì í ṣe ìtìjú.

Èyí tó kan Kàbà

Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilẹ̀ wa níbí, kọfí ló mọ̀. Àmọ́ wọ́n ń gbin tíì lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ó sì dára. Kí ló dé tí àlejò tó ń lọ sí Abuja tàbí tó ń bọ̀ wá sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Okun ò fi lè jókòó nírọ̀lẹ́ sídìí tíì Mambilla, scone gbígbóná, àti jáàmù máńgòrò? Kílò 1 máńgòrò tó pọ́n, ṣúgà gíráàmù 700, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 2. Ẹ sè é títí ẹ̀kán rẹ̀ kan lórí àwo tútù á fi wúnjọ bí ẹ bá fi ìka tì í. Ẹ fi kajú wa tí wọ́n ti yan sí orí àwo òkè. Ẹ má wá èso òyìnbó tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ni omi hínhó, ìkòkò gbígbóná, àti aago.

Omi tó wà lórí iná lẹ́yìn yẹn ti fẹ́ hó. Ẹ̀yin ìlà kìíní, ẹ dìde wá sídìí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù, ẹ ṣí aago rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi kan ewé.